Àpò àgbàdo mi ti bu láàárín: ṣé mo ṣì lè fi ṣe ògì?

Ọlọ́gì Òyìngbò

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ògì ni mò ń ṣe tà ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà, òun náà ṣe é ní Ìṣàlẹ̀ Èkó títí ẹ̀yìn rẹ̀ ò fi gbà á mọ́. Ọ̀rọ̀ àgbàdo kan ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun lánàá, ni mo ṣe ní kí n bi yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àjọ kàn mí. Mo kó owó náà, ó di ọ̀dọ̀ alágbàdo tí mo ti ń bá nájà láti ọdún mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ọjà náà. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, tapólì ni wọ́n fi bo gbogbo ọjà wọn. Ó tú ẹnu àpò, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi: àgbàdo funfun, ó ń dán. Mo ju ẹyọ kan sẹ́nu, ó ró kàú. Mo sanwó, a gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ìgbà tí mo dà á sílẹ̀ nílé ni ẹ̀rù bà mí. Ti òkè kò ní wàhálà. Bí mo ṣe dé àárín, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bíi ti aṣọ tí wọ́n ká pa mọ́ láìgbẹ. Mo tẹ́ ẹ sójú oòrùn kí n lè rí i dáadáa. Àwọn kan dúdú nídìí. Àwọn kan ní lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé níbi ojú tí àgbàdo ti máa ń hù. Àwọn kan lẹ̀ mọ́ra wọn, mo fọwọ́ fọ́ wọn, eruku wọn sì bò mí níka. Ká sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta, ti òkè, ló mọ́. Ìyókù ti bu.

Ohun tí ìyá mi máa ń ṣe ni pé a ó ṣà á, a ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó rẹ ẹ́, a ó lọ̀ ọ́, iná á sì bá wa parí ìyókù. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá ìyá ọmọ kan tó ń ra ògì lọ́wọ́ mi bi mí pé, "Màmá, ẹ dákun, báwo lẹ ṣe ń ṣe é kí aflatoxin má bàa wà nínú ògì yín?" Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Ó ní oró ni, pé inú ọkà tó bá bu ló ń wà, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bá jà. Mo dá a lóhùn pé ògì mi mọ́. Láti ìgbà tí mo ti tú àpò yìí ni ìdáhùn yẹn ti ń padà wá sí mi létí.

Abiyamọ ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Ọmọ méje ni mo mọ̀ lórúkọ tó jẹ́ pé ògì tèmi ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tó kàn wọ́n lẹ́nu lẹ́yìn ọmú. Ẹ sọ fún mi: ṣé iná kì í pa á ni? Bí mo bá sá a gbẹ dáadáa ńkọ́? Ìdá kan tó mọ́ yẹn, ṣé mo lè lò ó? Bí kò bá sì dára fún èèyàn, ṣé mo lè tà á fún àwọn tó ń sin adìẹ, kí n lè rí nǹkan gbà padà nínú owó àjọ mi?

Ọmọ Ìṣàlẹ̀ Èkó

Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí pa ara yín. Irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ la jẹ dàgbà. Ìyá ìyá mi máa ń da kán-ún díẹ̀ sínú omi tó fi ń fọ̀ ọ́, á sá a sórí páànù ní ọjọ́ méjì, òórùn náà á sì lọ. Ó ti kọjá 80 ọdún dáadáa kó tó kú. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é kó jinná. Àgbàdo ti wọ́n, ta ló fẹ́ da odidi àpò nù?

Ọmọ Láàbù, Yábàá

Màmá, ẹ kú làálàá. Yàrá tí wọ́n ti ń yẹ oúnjẹ wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Màmá Ìṣàlẹ̀ Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ tèmi yóò yàtọ̀ sí tiyín.

Nǹkan méjì ló wà lára àgbàdo yẹn. Ọ̀kan ni ohun tó hù sára rẹ̀. Ìbátan olú ni, ẹlẹ́mìí ni, iná ń pa á, oòrùn náà ń ṣe é lọ́ṣẹ́. Èkejì ni oró tó ti tú sínú kóró kí iná tó bá a. Ẹ pa ejò tán, oró ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó bù jẹ. Bí omi bá ń hó, ooru rẹ̀ kò ju 100 digrii lọ. Aflatoxin ń fẹ́ ooru tó ju 200 lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ dáadáa, kò sì sí ìkòkò ẹ̀kọ tó ń gbóná dé ibẹ̀. Ohun tí oòrùn orí páànù ń mú lọ ni òórùn. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí tí òórùn bá ti lọ, ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ kò ní àmì kankan tó máa kì í nílọ̀ mọ́.

Ẹ bi mí ní ti àwọn aládìẹ. Ọ̀dọ̀ ẹran ọ̀sìn gan-an ni ayé ti kọ́kọ́ mọ oró yìí. Lọ́dún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tòlótòló bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó lé ní 100,000 tó kú láàárín oṣù díẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ń pa wọ́n, débi pé àrùn X ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n tọpa rẹ̀ títí wọ́n fi bá a nínú oúnjẹ wọn: ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, ọmọ ìyá kúlíkúlí tiwa, tó ti Brazil wá, tó sì ti bu. Aspergillus flavus ni orúkọ ohun tó hù sára ẹ̀pà náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ orúkọ aflatoxin. Adìẹ lágbára jù tòlótòló lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ta àgbàdo yẹn fún aládìẹ, ẹ kàn gbé àdánù yín fún ẹlòmíràn ni.

Ó máa ń pa èèyàn náà. Lọ́dún 2004, ní ìlà-oòrùn Kẹ́ńyà, àwọn èèyàn kó àgbàdo tí kò tíì gbẹ sínú ilé. Àwọn 317 ni ẹ̀dọ̀ wọn kọṣẹ́, 125 nínú wọn ló kú. Irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ kì í pariwo: díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, nínú ẹ̀kọ, nínú ẹ̀pà, nínú kókóró, fún ọdún 20 tàbí 30, kí jẹjẹrẹ tó wá yọ sí ẹ̀dọ̀. IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti kà á mọ́ ọ̀wọ́ kìíní, àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ sára èèyàn. Nítorí náà, pé ìyá àgbà kan jẹ ẹ́ tó sì dàgbà kò fi hàn pé kò pa ẹlòmíràn. Àwọn tó pa kò sí níbí láti wá sọ tiwọn.

Ti ọmọ ló ká mi lára jù. Lọ́dún 2002, àwọn olùwádìí gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Benin àti Togo jáde, nítòsí wa níbí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò ju ọdún márùn-ún lọ, wọ́n sì wọn gíga wọn. Àwọn tí aflatoxin pọ̀ lẹ́jẹ̀ wọn jù ló kúrú jù, tí wọn ò sì wúwo tó bó ṣe yẹ. Àwọn tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú ni tiwọn pọ̀ ju ti àwọn tó ṣì ń mu ún lọ. Ní Yúróòpù, ìwọ̀n aflatoxin B1, oríṣi rẹ̀ tó le jù, tí òfin gbà láyè nínú ọ̀pọ̀ oúnjẹ ọkà tí àgbàlagbà ń jẹ jẹ́ máíkírógíráàmù 2 nínú kílò kan. Nínú oúnjẹ ọkà ti ọmọ ọwọ́, 0.1 ni. Ẹ ò rí i pé ìlọ́po 20 ni wọ́n fi le mọ́ ti ọmọ.

Ní ti ìdá kan tó mọ́: oró yìí kì í pín dọ́gba nínú àpò. Kóró bíi mélòó kan lè rù ú débi pé wọ́n á ba odidi kóńgò jẹ́, kí ọgọ́rùn-ún tó yí wọn ká sì mọ́. Òmíràn wà tí ojú kò ní rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ní tèmi, ẹ̀kọ ọmọ ọwọ́ ò gbọdọ̀ ti inú àpò yẹn wá rárá.

Iṣẹ́ ògì fúnra rẹ̀ ń ràn yín lọ́wọ́ gan-an, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ṣíṣà ló ṣe pàtàkì jù: èyí tó fọ́, èyí tó rọ, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, àtèyí tó léfòó nígbà tí ẹ da omi sí i, ẹ yọ gbogbo wọn. Èèpo àti ojú àgbàdo ni oró máa ń pọ̀ sí jù, torí náà tí ẹ bá ń sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá èérí lọ. Oró mìíràn tún wà nínú àgbàdo, fumonisin, tí wọ́n dá mọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 1988. Ìyẹn ń yọ́ sínú omi, nítorí náà ẹ máa da omi tí ẹ fi rẹ àgbàdo nù, ẹ má fi í lọ̀ ọ́. Àgbàdo tó dáa ni gbogbo èyí ń mú dáa sí i. Àgbàdo tó ti bu bí ẹ ṣe ṣàlàyé yẹn, kò lè gbà á là.

Bàbá Ọkà

Mo ti lé ní ogún ọdún nídìí ọkà ní Dálẹ́kò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ wa ní láàbù kò ní rí láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́gì, ó ṣeé ṣe kí alágbàdo yín mọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó má mọ̀. Ọkọ̀ ń ti òkè ọya bọ̀, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lọ́nà. Tí tapólì bá ya, àpò kan ló máa gba omi, ojú àpò á gbẹ kí ó tó dé Èkó, inú á máa hó lọ. Nígbà mìíràn orí sìmẹ́ńtì ló ti gba ọ̀rinrin, láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ẹ̀yin ẹ wo ẹnu àpò nìkan. Àwa kì í wo ẹnu. A ní irin gbọọrọ kan tó ní ihò, a máa ń fi gún àpò ní ẹ̀gbẹ́, láàárín, nísàlẹ̀, àgbàdo á sì máa gba inú rẹ̀ jáde sí wa lọ́wọ́. Ontajà tó bá kọ̀ kí ẹ gún àpò òun, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ẹ tún máa bèèrè ìgbà tí wọ́n kó o. Àgbàdo àkọ́kọ́ tiwa nílẹ̀ Yorùbá, inú òjò oṣù keje àti ìkẹjọ ni wọ́n ń kó o. Gbígbẹ rẹ̀ máa ń fa wàhálà, torí ojú ọ̀run ò lajú. Èyí tí wọ́n bá kó nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ máa ń bá wọn gbẹ ẹ́. Ìwọ̀n tí a fẹ́ ni pé kí omi inú rẹ̀ má ju 13 nínú 100 lọ. Ẹ̀rọ wà tó ń wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá ní in, ẹ wá ìgò onígíláàsì tó gbẹ táútáú, pẹ̀lú iyọ̀ tó gbẹ. Ẹ da àgbàdo sí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò náà, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo yẹn ti lé ní 15, ẹ má rà á. Bí iyọ̀ bá ṣàn sílẹ̀ tí ara ìgò mọ́, ó ti gbẹ débi tí ẹ lè dúnàádúrà. Ọwọ́ àwọn tó wá dá àgbẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti kọ́ ọ, kò sì tíì já mi kulẹ̀.

Tí ẹ bá rà á délé, ẹ má gbé e lélẹ̀ẹ́lẹ̀. Pákó ni kí ẹ tò sábẹ́ rẹ̀, kó sì jìnnà sí ògiri. Àpò onílàílọ́ọ̀nù méjì nínú tí wọ́n ń pè ní PICS wà lọ́jà báyìí. Tí ẹ bá dì í pa dáadáa afẹ́fẹ́ ò ní wọlé, kòkòrò á kú sínú rẹ̀ láìsí oògùn. Ibi tí kòkòrò bá ti dá ihò sí kóró lohun tó ń bu yìí ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n àgbàdo gbígbẹ nìkan ni kí ẹ dì sínú rẹ̀ o.

Oko ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀, àgbẹ̀ kan tí mo ń bá rà ní Òkè-Ògùn ló là mí lójú sí i. Ó ní nǹkan kan wà tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ṣe, Aflasafe lorúkọ rẹ̀, NAFDAC sì ti fọwọ́ sí i. Ọkà bàbà sísun ni, wọ́n fi ìbátan ohun tó ń bu àgbàdo yìí sára rẹ̀, àmọ́ irú èyí tí kì í tu oró. Kílò 10 ni wọ́n ń fọ́n sí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Aláìlóró á ti gba ilé kí olóró tó dé. Owó àgbàdo rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti àwọn tó kù lọ, mo sì ń san án.

Nọ́ọ̀sì Ṣùúrùlérè

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ìyá ọmọ yẹn kí wọ́n má ṣe fo abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B, èyí tí wọ́n ń gún fún ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, àti àwọn tó tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Lára ẹni tó ní hepatitis B, agbára tí aflatoxin ní láti fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó ìlọ́po 30 ti ara ẹni tí kò ní in. Ẹ̀yin àgbàlagbà náà, ẹ lọ yẹ ara yín wò.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmú nìkan. Bí ọmọ bá ti ń jẹun, kó má jẹ́ ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀kọ lọ́sàn-án, ẹ̀kọ lálẹ́. Ẹ fún un ní ànàmọ́, ẹyin, ẹja, ẹ̀wà tí wọ́n bó. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Òṣòdì níbí, ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi sóyà sí ògì. Tí ojú ọmọ bá sì ń pọ́n bí ìyeyè, tó ń bì, tí ikùn rẹ̀ ń wú, ẹ gbé e wá sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de àgbo.

Ọmọ Ìṣàlẹ̀ Èkó

Mo ka gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oró ejò yẹn yé mi. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà, àbúrò mi, ẹ má lo àgbàdo yẹn. Ẹ̀pà tí mo sá sórí páànù láti ìjẹta, mo ti ní kí wọ́n kó o kúrò níbẹ̀.

Ọlọ́gì Òyìngbò

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ó tó ọjọ́ mẹ́rin kí n tó lè padà wá bá yín.

Mo ti da àpò náà nù, títí kan ìdá kan tó mọ́. Mo kọ́kọ́ ṣà á fún odidi ìrọ̀lẹ́ kan, torí owó dun mi. Mo ṣà á, mo ṣà á, mo tún mú ẹyọ kan tó ń dán bí eyín, mo là á sí méjì, inú rẹ̀ dúdú. Ìgbà yẹn ni mo dìde. Ọmọ mi ọkùnrin ní ká gbé e síta fún akólẹ̀, mo ní rárá, ẹni tí ebi ń pa lè rí i kó kó o lọ. A da epo ọkọ̀ àlòkù lé e lórí kí a tó dì í sínú àpò ìdọ̀tí.

Mo bu díẹ̀ nínú èyí tó bu sínú ọ̀rá, mo gbé e tọ alágbàdo mi lọ. Kò bá mi jà. Ó wò ó títí, ó fi rúnmú, ó ní àpò mẹ́fà ló ti inú ọkọ̀ yẹn sọ̀ sọ́dọ̀ òun. Ó dá ìdajì owó mi padà, ó ní òun á san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Mo bi í nípa àpò márùn-ún tó kù. Ó ní ó ku méjì nílẹ̀. Mo dúró tì í títí ó fi tú méjèèjì wò. Mẹ́ta ti wà nílé àwọn ẹlòmíràn. Ó ní òun mọ méjì nínú àwọn tó rà á, òun á pè wọ́n. Mi ò mọ ẹni kẹta, òun náà ò mọ̀ ọ́n.

Mo ti lọ bá ìyá ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ń fà mí dìde pé, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá." Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀ nígbà tí mo dá a lóhùn. Àwọn mẹ́fà tó kù, mo ti sọ fún wọn pé mi ò ní lọ ògì lọ́sẹ̀ yìí.

Nǹkan kan ṣì wà tí mi ò bá ẹnì kankan sọ. Bàbá kan ń sin ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé wa, èmi ni mo ń fún un ní èérí láti bí ọdún márùn-ún, lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mi máa ń dùn sí i pé kò sí ohun tó ń ṣòfò nínú iṣẹ́ mi. Bí ọmọ láàbù ṣe sọ pé èérí ni oró ń bá lọ, orí mi wú. Lọ́dún tó kọjá ewúrẹ́ mẹ́ta kú fún un nínú òjò, a ní òtútù ni. Ó lè jẹ́ òtútù náà. Mo sọ fún un lánàá. Ó dákẹ́, ó wá bi mí pé kí lòun ó wá máa fún wọn jẹ báyìí. Mo ní kó fún mi láyè títí n ó fi rí àgbàdo tó dáa, èérí tó bá jáde nínú ìyẹn ni n ó máa fún un.

Bàbá Ọkà, mo fẹ́ wá bá yín lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti wá ìgò, mo ti sá iyọ̀. Aago mélòó lẹ máa ń ṣí?

Bàbá Ọkà

Aago mẹ́fà ààbọ̀ la ti ń ṣí, ṣùgbọ́n ẹ má wá nígbà yẹn, ojú á ṣì ṣókùnkùn nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ jẹ́ kó di aago mẹ́sàn-án, ká lè gbé àpò síta sójú oòrùn kí ẹ tó gún un. Bí ẹ bá mọ ẹni kẹta yẹn kí Sátidé tó pé, ẹ pè mí.